Omi Tó Ń Fà

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Ìdèrè, ìlú wa, tó di oṣù Ṣẹ́rẹ́, adágún á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bó ṣe ń fà ló ń fi ìlà sílẹ̀ létí ara rẹ̀. Ìlà ẹrẹ̀ pupa tó wà lókè pátápátá ni ibi tí omi dé lóṣù Ọ̀wàrà. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni koríko tó ti gbẹ táútáú, lẹ́yìn náà ilẹ̀ tó sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀. Láàárín gbùngbùn ni ìwọ̀nba omi tó kù wà, ó rí bí omi tí a fi ṣan ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ pọn ún kò lè dúró létí mọ́. Á wọ̀ ọ́ dé orókùn, á fi igbá ti ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá rọra bù ú kí ó má bàa rú.

Láyé ìgbà sòbìà, ohun tí ojú kì í sábà rí wà nínú igbá yẹn. Kòkòrò omi kan ni, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cyclops, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Lóṣù Agẹmọ, omi pọ̀, kòkòrò náà fọ́n ká. Ṣùgbọ́n bí omi bá fà, kòkòrò kì í bá a fà. Ńṣe ni wọ́n ń há mọ́ra nínú èyí tó ṣẹ́kù. Inú wọn ni ọmọ sòbìà ń gbé. Ẹni tó bá mu wọ́n kò ní mọ̀, títí di bí ọdún kan, tí aràn tó lè gùn tó mítà kan á fi gba ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Ojú ibẹ̀ á máa ta á bí iná. Á ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ara lè tù ú, ibẹ̀ sì ni aràn á ti tú ọmọ rẹ̀ dà sínú adágún ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nígbà tó yẹ kí àgbẹ̀ máa kọ ebè, ìdí ló ń fi wọ́ dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ àgbà gbà pé sòbìà wà lára gbogbo èèyàn bí iṣan. Mi ò lè bá wọn wí. Ta ni ì bá rí i nínú igbá? Àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí iṣẹ́ ìlera wọn ti wà ní Igbó-Ọrà láti 1963, bá ìlú ṣe é, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ sẹ́ omi bí ẹni ń sẹ́ ògì. Lóṣù Kejìlá ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Àwòrán tí ìwé ìròyìn fi ń sọ ọ́ kò yàtọ̀: ẹsẹ̀, àti aràn funfun tí a ká mọ́ igi. Mi ò tíì rí èyí tó ya ìlà ẹrẹ̀ létí adágún.

Ohun tó ń mú mi tẹjú mọ́ ìròyìn yìnyín òkun Àríwá ayé, tí òun náà ń fà, nìyẹn. Lọ́pọ̀ ọdún láàárín 1980 sí 1989, ibi tí yìnyín bò, nígbà tó bá kéré jù lọ lóṣù kẹsàn-án, ju Nàìjíríà méje lọ. Ní 2012, kò tó Nàìjíríà mẹ́rin. Béárì funfun tó dá dúró lórí ègé yìnyín ni wọ́n ń fi hàn wá, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí, torí orí yìnyín ló ti ń dọdẹ séálì. Ṣùgbọ́n èèhọ̀ wà lábẹ́ yìnyín yẹn. Èèhọ̀ ni àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ ń jẹ, ẹja ń jẹ wọ́n, séálì ń jẹ ẹja. Kámẹ́rà kì í sábà débẹ̀.

Àwòrán kan ṣoṣo ló mú mi rántí igbá. Ní 2014, nítòsí Point Lay ní Alaska, nǹkan bí 35,000 walrus, ẹran òkun tó ní eyín gígùn bíi ti erin, kó jọ sí etíkun kan nítorí pé yìnyín tí wọ́n fi ń sinmi ti lọ. Wọ́n há mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ kò hàn. Èyí tó kéré láàárín wọn lè kú bí àwọn ńlá bá ta gìrì.

Ní ìrọ̀lẹ́, lékeléke máa ń bà sí etí adágún wa. Ẹsẹ̀ àwọn tó pọn omi lánàá ṣì wà nínú ẹrẹ̀, ó ti le, ti ọmọdé kan wà láàárín wọn. Omi ti sá kúrò lẹ́bàá wọn ní ìwọ̀n apá kan.