Ariwo Kọ́ Ni À Ń Fi Owó Rà

 Ará Ẹdẹ, ìlú Tìmì, ni mí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ iná létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó kan owó tí ẹ̀yin ìyá ń dá ní àsàlátù, ó sì kan ohun tí ẹ ń gbọ́ tàbí tí ẹ kò gbọ́ nígbà tí àáfà bá ń ṣe wáàsí. Bí a ṣe lè fi owó tí kò pọ̀ ra ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn ga, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ampilifáyà, tí yóò sì bá sípíkà rere mu, ni mo fẹ́ sọ.

Ládánì ni mí. Ilé kéú ni mo ti kọ́kọ́ jókòó, mo sì ka ìwé mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. N kò kọ́ iṣẹ́ rédíò lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń pe ìrun nígbà márùn-ún lójúmọ́ kò lè ṣe kí ó má mọ nǹkan díẹ̀ nípa máíkì àti sípíkà, nítorí òun ni gbogbo ojú máa ń wò bí ohùn bá dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Èdè Yorùbá kì í ṣe èdè tí a lè gbọ́ ní ààbọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin “má gbààwẹ̀” àti “máa gbààwẹ̀” kò ju pé kí ohùn fà díẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ọ̀kan ní kí á dá a dúró, èkejì ní kí á tẹra mọ́ ọn. Ní Ràmàdáànì kan, àáfà wa ń ṣàlàyé nínú tàfúsírì pé kí aboyún tí ó bá ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ inú rẹ̀ má gbààwẹ̀, kí ó san án padà nígbà tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwa ọkùnrin tí a wà níwájú gbọ́ ọ kedere. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn aṣọ tí a ta sí ibi ìjókòó àwọn obìnrin, sípíkà ògbólógbòó kan tó ń hó yaya ni ọ̀rọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ara rẹ̀ kò le gbọ́ pé kí aboyún máa gbààwẹ̀ lọ. Ó ń gbà á lọ títí òòyì fi kọ́ ọ nídìí ààrò. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò sí ohun tó ṣe òun àti oyún rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Àdínnì ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní, “Ládánì, ọmọ mi, ṣé a ò sí nínú mọ́sáláṣí ni? Ariwo ni ẹ ń fi ránṣẹ́ sí wa, ẹ kì í fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́.”

Mo ní, “Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá wa. Ẹ fún wa láyè díẹ̀, a ó wá nǹkan ṣe sí i.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọmọ ìlú wa kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi sípíkà méjì ránṣẹ́ sí àwọn ìyá. Wharfedale ni orúkọ tó wà lára wọn. Ilé-iṣẹ́ náà ti pẹ́. Gilbert Briggs ló dá a sílẹ̀ ní 1932 ní agbègbè Yorkshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sípíkà tí a ń gbé sínú ilé láti gbọ́ ohùn tó dára ni, kì í ṣe ti orí òrùlé. Ṣùgbọ́n sípíkà tí kò ní ampilifáyà dà bí gángan tí kò ní kọ̀ǹgọ́. Àwọn ìyá bá dá owó jọ, ó jẹ́ 120,000 náírà. Owó ẹlẹ́kọ wà níbẹ̀, owó aláta wà níbẹ̀, owó opó wà níbẹ̀. Irú owó bẹ́ẹ̀, àgbàfipamọ́ ni. Ẹni tó bá gbà á lọ sọ́jà gbọdọ̀ mọ̀ pé a ó bi òun léèrè.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, ẹnu kò kò. Àwọn kan ní kí á so sípíkà náà mọ́ ampilifáyà tí a fi ń pe ìrun, kí á má náwó rárá. Àwọn mìíràn ní ampilifáyà tí wọ́n kọ 2,000 wáàtì sí lójú ni kí á rà, pé èyí tó bá tóbi jù ló dára jù. Mo tọrọ àyè kí n lọ ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Èkínní, ampilifáyà ìpè ìrun ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ rántí pé ọ̀fun Bílálì lásán ni a fi bẹ̀rẹ̀ ìpè ìrun. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, Mọ́sáláṣí Sultan ní Singapore wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó, ní 1936. Lọ́dọ̀ wa lónìí, Ahuja tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Íńdíà ni ọ̀pọ̀ mọ́sáláṣí ń lò, pẹ̀lú sípíkà ẹlẹ́nu bí fèrè. Ẹ wo ẹ̀yìn irú ampilifáyà bẹ́ẹ̀: ẹ ó rí ojú wáyà tí wọ́n kọ 4, 8 àti 16 óòmù sí, ẹ ó sì rí èyí tí wọ́n kọ 70 àti 100 fóòtì sí. Ojú 100 fóòtì wà fún wáyà tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, sípíkà tó bá sì wà níbẹ̀ gbọdọ̀ ní tiransífọ́mà tirẹ̀. Bí a bá ki sípíkà inú ilé bọ̀ ọ́, ó lè jóná lójú ẹsẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, kí ohùn lè dé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ yẹn. Ẹ̀yin ìyá tó jókòó sórí ẹní kò jìnnà. Kí ọ̀rọ̀ yé yín ni ẹ ń fẹ́.

Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa ará Ẹdẹ ju ẹlòmíràn lọ. Ọba Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jẹ Tìmì láti 1946 di 1975, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ìlù, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Ẹni tó bá mọ ìlù mọ̀ pé kì í ṣe bí gángan ti ń dún tó ni à ń wò, bí kò ṣe bóyá ohun tó ń wí yé ni. Onílù tó mọṣẹ́ lè rọra lù ú, kí gbogbo ààfin sì mọ ẹni tó ń wọlé.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ wáàtì, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Bí ẹ bá rí PMPO lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye wáàtì, ẹ má kà á sí. Agbára tí ẹ̀rọ lè yọ bí ìmọ́lẹ̀ mànàmáná ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èyí tó lè gbé dúró. Ẹ béèrè iye RMS, èyí tí ẹ̀rọ lè máa gbé lọ fún wákàtí wáàsí. Ampilifáyà tí wọ́n kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún sí lójú lè má ní ju 30 wáàtì tòótọ́ lọ.

Ẹ tún mọ èyí pẹ̀lú: bí a bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, ohùn kì í di ìlọ́po méjì létí wa. Láti 50 lọ sí 100, ohun tó ń fi kún ohùn kò ju ìwọ̀n 3 lọ lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì, etí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n. Kí ohùn tó lè dún ní ìlọ́po méjì létí, wáàtì ní láti di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹni tó fi owó ńlá kún owó nítorí àtikúrò ní 50 bọ́ sí 80, afẹ́fẹ́ ló rà. Sípíkà pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀ lẹ́yìn, iye dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì tó ń mú jáde bí a bá fún un ní wáàtì kan péré. Èyí tó ní 90 ń fi ìdajì agbára ṣe iṣẹ́ tí èyí tó ní 87 ń ṣe.

Ẹ̀kẹta ni óòmù. Ẹ fi í wé ẹnu páìpù omi. Bí óòmù bá ti ń kéré sí i ni ẹnu páìpù ń fẹ̀ sí i, tí ẹ̀rọ sì ní láti tú omi púpọ̀ jáde. Sípíkà wa jẹ́ óòmù 8 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tí èkejì wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, àlàáfíà ni. Ṣùgbọ́n bí a bá pa méjì pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àwọn kan ti ń ṣe, óòmù 4 ni ẹ̀rọ yóò rí. Bí ó bá di mẹ́rin, ó di 2. Ampilifáyà tí kò lè gba bẹ́ẹ̀ yóò gbóná, yóò sì kú.

Ẹ̀kẹrin yóò ya ọ̀pọ̀ yín lẹ́nu. Ampilifáyà kékeré tí a fi ipá lò ń ba sípíkà jẹ́ ju ńlá tí a rọra lò lọ. Bí mo bá pariwo ju bí ọ̀fun mi ti mọ lọ, ohùn mi yóò há. Bẹ́ẹ̀ ni ti ampilifáyà tí a yí dé òpin: ó ń gé orí ohùn, gígé yìí sì ń jó sípíkà wẹ́wẹ́ tó ń sọ ohùn tín-ín-rín nínú àpótí. Láti inú ohùn tín-ín-rín yìí ni “s” àti “ṣ”, “f” àti “t” ti ń yàtọ̀ síra. Bí ó bá ti jóná, ariwo ṣì wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti lọ.

Ẹ̀karùn-ún ni iná. Tiwa jẹ́ 230 fóòtì, nígbà tí iná bá pé. Tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ 120, èyí tó ti Japan wá lè jẹ́ 100. Ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, nítorí ìṣẹ́jú àáyá kan ló máa fi jóná bí ẹ bá kì í bọ iná wa. Bí ó bá jẹ́ pé ìnfátà àti bátìrì ni ẹ gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí NEPA, bí a ṣì ti ń pè é, bá mú iná lọ, ẹ wá irú tí wọ́n ń pè ní Class D. Kì í fi iná ṣòfò, kì í sì gbóná púpọ̀.

Nígbà tí a dé ọjà, a gbé sípíkà kan dání. Mo ti gba ohùn àáfà wa sínú fóònù, mo sì ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un: ọkọ, ọkọ́, ọ̀kọ̀, má gbààwẹ̀, máa gbààwẹ̀. Ìyá Àdínnì fúnra wọn bá wa lọ. Wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ní kí á máa lù ú, wọ́n sì ń sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ampilifáyà àkọ́kọ́, tó ń tan iná pupa àti àwọ̀ ewé, mú ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mì, ṣùgbọ́n Ìyá ní, “Èyí ń jó ni, kò sọ̀rọ̀.” Èkejì dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tí a kò lu nǹkan kan, kò hó, kò kùn. Nígbà tí ohùn jáde, wọ́n dá gbogbo ọ̀rọ̀ náà mọ̀ láìṣi ẹyọ kan. Tòkunbọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, 50 wáàtì RMS ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 75,000 náírà. Nítorí pé máíkì kò ṣeé kì bọ irú rẹ̀ tààrà, a fi 30,000 ra míksà kékeré. A fi 12,000 ra wáyà tó nípọn, nítorí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ń jẹ agbára lójú ọ̀nà. 3,000 tó ṣẹ́kù, a kà á lójú àwọn ìyá.

Bí ẹ bá dé ilé, ẹ má ṣe gbé sípíkà kọ́ sókè àjà. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní ìwọ̀n etí ẹni tó jókòó, tàbí kí ó tẹ̀ wá sísàlẹ̀. Ẹ so pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá yí padà, ohùn ńlá yóò pa ara wọn jẹ. Ẹ jẹ́ kí máíkì wà lẹ́yìn sípíkà kí ó má baà máa hu. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lórí ampilifáyà kí ó lè mí, ẹ má fi aṣọ bò ó nítorí eruku nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tó wà nínú ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ohùn, ẹ má ṣe dán an wò níwájú mímíbárì nìkan. Ẹ lọ jókòó lẹ́yìn aṣọ, níbi tí ìyá arúgbó àti ìyá ọlọ́mọ jókòó sí, kí ẹ gbọ́ ohun tí àwọn náà ń gbọ́. Bí ohùn bá já gaara níbẹ̀, kò ní sí ìdí tí a ó fi máa yí i sókè títí yóò fi di ìyọnu fún aládùúgbò àti aláìsàn. Ẹ̀yin ìyá, owó yín ni. Ẹ má tijú láti béèrè RMS lọ́wọ́ ọlọ́jà, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi iná wíníwíní tàn yín.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rere máa yé wa, kí ó sì fi àlùbáríkà sí owó tí a fi ń wá a. Àmín.