Agolo Kan Létí Ọ̀sà Kútọnu

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé mo fẹ́ gbé agolo kan pamọ́ sétí ọ̀sà kí àwọn ọmọ lọ wá a, wọ́n wò mí títí. "Ohun tí a dé létí omi lo fẹ́ kí ọmọ ṣí? Ṣé bí mo ṣe tọ́ ẹ nìyẹn?"

Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ohun tí ọmọ Nàgó bá bá ní oríta tàbí létí odò, kì í fọwọ́ kàn án. Ó ní ẹni tó gbé e síbẹ̀.

Amẹ́ríkà ni eré wíwá agolo yìí ti wá. Ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba wọn dẹ́kun bíba àmì GPS jẹ́ fún ará ìlú. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Ulmer gbé korobá kan pamọ́ sínú igbó ní Oregon, tó sì fi nọ́ńbà GPS ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá rí i á kọ orúkọ sínú ìwé inú rẹ̀. Tó bá mú nǹkan, á fi nǹkan dípò. Geocaching nìyẹn.

Mo bá sọ nọ́ńbà di àlọ́, mo sì fi agolo náà síkàáwọ́ ìyá kan tó ń ta omi tútù.

"Ó na ẹsẹ̀ kan sí Dantokpa, ó na èkejì sí Akpakpa, kò rìn rí." Afárá! Àwọn ọmọ ò tilẹ̀ ronú. "Òjò kọ́ ló bí mi, ọkọ́ ló bí mi, mo so ọ̀sà mọ́ òkun." Èyí dá wọn dúró. Wọ́n rò pé Ọlọ́run ló dá omi abẹ́ afárá síbẹ̀, àṣé àwọn Faransé ló la ojú rẹ̀ ní 1885, kí omi ọ̀sà Nokoué lè rí ọ̀nà dé òkun.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ olómi, wọ́n ń yọjú wo abẹ́ tábìlì. Ìyá náà ń wò wọ́n, kò fọhùn. Ìgbà tí àbíkẹ́yìn kúnlẹ̀ pé, "Ẹ kú ọjà, mà," ni agolo jáde. Ìyá náà wá fi àlọ́ tirẹ̀ kún un: kí ni ìtumọ̀ orúkọ ìlú Kútọnu yìí? Òun náà ló dáhùn: ní èdè Fọ̀n, ẹnu odò ikú ni.

Àbíkẹ́yìn mú pẹ́ńsù, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ irun rẹ̀ dípò. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dán an wò, ẹ má ri agolo yín mọ́lẹ̀. Ẹ wá ẹni tí ọmọ yóò kí.