Odi Nìkan Kò Gba Ìlú Là

Apá méjì ni iṣẹ́ wa ní, àwa tí a ń to òfin firewall sórí ráútà. A ń dí ọ̀nà, a sì ń ṣọ́ ohun tó ń gba ojú ọ̀nà kọjá. Apá àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún wa sábà máa ń sanwó rẹ̀, wọ́n á ka ìkejì sí èènì. Lójú tèmi, ìtàn iṣẹ́ yìí kò gbè wọ́n. Odi ìlú láyé àtijọ́ kò ju amọ̀ lọ bí oníbodè bá ti sùn. Ní 1988, ọdún tí kòkòrò Morris jà ràn-ìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ṣe irinṣẹ́ tcpdump ní ibùdó ìwádìí Lawrence Berkeley ní Amẹ́ríkà, kí èèyàn lè máa ka pákẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń kọjá. Àwọn asẹ́ àkọ́kọ́ lórí ráútà kì í rántí nǹkan kan: wọ́n á wo ibi tí pákẹ́ẹ̀tì ti wá, ibi tó ń lọ àti nọ́ńbà pọ́ọ̀tù, ó parí. Check Point gbé FireWall-1 jáde ní 1994, èyí tó ń rántí ẹni tó ti ń bá ta sọ̀rọ̀. Iptables mú irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ dé inú Linux ní 2001. Ìyẹn ni pé ìgbà tí asẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó rí sọ́kàn ló tó di asẹ́ gidi.

Ẹ wo ráútà MikroTik, ẹ̀rọ ará Latvia tó wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì wa ní Nàìjíríà. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ló ń ka òfin. Èyí tó bá kọ́kọ́ bá pákẹ́ẹ̀tì mu tó sì ní kó wọlé tàbí kó pa dà, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Iye pákẹ́ẹ̀tì tí òfin kọ̀ọ̀kan ti mú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí òfin tó yẹ kó dí pọ́ọ̀tù 8291, ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà ṣàkóso ráútà náà, mọ́ ará ìta bá wà lórí òdo fún odindi ọ̀sẹ̀, kí ara fu wá, nítorí àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn kì í sinmi. Ó ṣeé ṣe kí òfin kan lókè ti gbà wọ́n wọlé. Lórí ìwé, òfin náà pé; òǹkà nìkan ló lè tú u fó. Pọ́ọ̀tù yìí náà ni wọ́n gbà wọlé ní 2018: oṣù kẹrin ni MikroTik ti tún àlébù ibẹ̀ ṣe, síbẹ̀ nígbà tó fi di oṣù kẹjọ, ọ̀pọ̀ ráútà ní Brazil ti ń bá olè wa owó kírípítò, àwọn tó ni wọ́n kò sì mọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, àṣìṣe nínú asẹ́ BGP, ètò tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń júwe ọ̀nà fún ara wọn, ní ilé-iṣẹ́ MainOne, l'Ékòó níbí, darí dátà tó ń lọ sí Google gba China Telecom, ìṣẹ́jú 74 sì kọjá kí wọ́n tó tún un ṣe. Ọ̀nà tí dátà ń gbà ló fi àṣìṣe náà hàn.

Àwọn kan á ní HTTPS ti bo gbogbo nǹkan, kí ló tún kù tí a fẹ́ rí? Ó kù púpọ̀. NetFlow, tí Cisco mú wá ní àwọn ọdún 1990, kì í tú lẹ́tà ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fi ránṣẹ́, ẹni tó gbà á, àkókò àti ìwọ̀n rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà oníṣirò owó bá ń da gìgábáìtì sí òkè òkun lóru tí ọ́fíìsì wà ní títì, kò dìgbà tí a bá rí inú ẹrù ká tó béèrè. Àtakò tó lágbára jù ni pé ìṣọ́ lè di òfófó lórí òṣìṣẹ́. Òótọ́ ni, Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 kò sì fi àyè gba kíkó ìsọfúnni èèyàn jọ láìnídìí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ni ká sọ ìdí tí a fi ń ṣọ́, ká dín ohun tí a ń kó kù, ká sì pa á rẹ́ nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Dídijú kì í ṣe ìdáhùn. Ní ti àwọn tó ní ẹ̀rọ ìgbàlódé á máa dá ṣọ́ ara rẹ̀, ẹ̀rọ lè ké pé nǹkan yàtọ̀. Kò mọ̀ pé òpin oṣù ni, tí owó oṣù ń jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá sanwó fún títo òfin lẹ́ẹ̀kan, tí kò sanwó ìṣọ́, ààbọ̀ iṣẹ́ ló rà.