Ọ̀nà Bìní àti Ọdún Kan Tí Ọmọ Fẹ́ Fi Dúró

Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Ọ̀rẹ̀ tó dorí kọ Bìní, igbó ni yóò máa tẹ̀ lé èrò lọ́tùn-ún lósì. Wọn yóò kọjá Ofosu, wọn yóò gba orí afárá odò Ovia, wọn yóò sì já sí Oluku. Láti ibẹ̀, kò pẹ́ tí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Bìní yóò fi yọ ní Ugbowo. Bí àsìkò ìgbaniwọlé bá dé, òbí pọ̀ níbẹ̀ bí omi, fáìlì ìwé-ẹ̀rí lábẹ́ apá kálukú.

Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún 17, wà lára wọn. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti wá. Ìtọ́jú eyín ni ọmọ náà fi ṣe ìdánwò JAMB. Máàkì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò tó èyí tí wọ́n ń béèrè, Microbiology ni wọ́n sì fún un. Ọmọ fẹ́ kọ̀ ọ́, kó dúró nílé fún ọdún kan, kó tún ìdánwò ṣe. Ìyá kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Àbúrò ìyá tó ń gbé Ugbowo ló parí ìjà: "Ẹ wá fojú ara yín wo ohun tí ẹ ń jà lé lórí ná."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ọdún 6 ni ọmọ fi ń kọ́ ìtọ́jú eyín ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá nílé ìwòsàn, kó tó lọ fi ọdún kan ṣe àgùnbánirọ̀. Ọdún 8 nìyẹn. Bí a bá fi ọdún ìdúró kún un, ó di 9. Èsì JAMB kì í sì í ju ọdún kan lọ. Ẹni tó bá dúró yóò tún jókòó ṣe Gẹ̀ẹ́sì, Biology, Physics àti Chemistry láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi àga pamọ́ de ẹni tó lọ sinmi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn yunifásítì náà, èyí tó ti wà láti 1973. Ní ẹ̀ka eyín, ọkùnrin kan fi aṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú. Ọmọdé kan ń ké kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ìyá àgbà kan wá gba eyín àtọwọ́dá, ó sì ń rẹ́rìn-ín kó lè rí i nínú dígí. Ọmọ náà jókòó, kò fọwọ́ kan fóònù rẹ̀.

Dókítà obìnrin kan rí i, ó bi í ní ohun tó ń wò. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ wá, mà. Ìwé ló ń gbé èèyàn wọlé síbí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ìda la fi kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ eyín, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi jọ ti ẹnu èèyàn."

Ọ̀rọ̀ ìda yìí ló mú àbúrò ìyá kó wọn lọ sí òpópónà Igun lọ́sàn-án. Àwọn tó ń rọ idẹ fún Ọba Bìní ló ni àdúgbò náà, àtìrandíran. Ìtàn wọn sọ pé Ọba Oguola ló ránṣẹ́ sí Ifẹ̀, tí wọ́n fi Iguegha ránṣẹ́ sí i láti wá kọ́ wọn. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn lọ ní 1897, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kú. Wọ́n ń fi ìda ṣe àwòrán, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a sá a kó gbẹ. Wọn a wá yáná sí i kí ìda yọ́ jáde, kí wọ́n tó da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Ọ̀nà yìí gan-an ni Taggart, dókítà eyín ní Amẹ́ríkà, fi han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1907 pé a lè fi wúrà dí eyín.

Baba kan tó ń rẹ́ amọ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè Ẹ̀dó, àbúrò ìyá sì túmọ̀ rẹ̀: "Bí amọ̀ kò bá gbẹ tí a gbé e sórí iná, yóò là. Bí a bá sì gbàgbé ìda sínú oòrùn, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn."

Ìyá kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ló tó ní, "Wọ́n gbà mí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní 1996. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi ọdún kan bá ìyá mi ta aṣọ. Inú ọdún kan yẹn ni mo ṣì wà títí di òní."

Ọmọ kò tíì gbọ́ ọ rí. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mọ́mì. Ẹ jẹ́ ká kọ ọjọ́ tí tèmi máa parí sílẹ̀."

Inú ìwé oníṣirò ìyá ni wọ́n kọ ọ́ sí. Láràárọ̀, ọmọ yóò máa ran wọn lọ́wọ́ nílé ìtọ́jú eyín kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó mọ̀ bóyá ó lè fara da ẹ̀jẹ̀ àti igbe. Lọ́sàn-án, ìwé kíkà. Yóò wádìí Ìbàdàn, Èkó, Ifẹ̀ àti Enugu, tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ náà pẹ̀lú, kó tó yan ibi tí yóò kọ. Bí kò bá bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kejì, yóò gba kọ́ọ̀sì tí wọ́n bá fún un, kò sí ìkẹta.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Ọ̀rẹ̀ kí èrò lè jẹun, ọmọ mú fóònù jáde, ó ṣí ojú ewé JAMB. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá mi orí. Ọmọ tẹ̀ ẹ́ pé òun kò gbà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ìyá ra ìrẹsì àwo méjì, ó gbé ọ̀kan fún un. "Jẹun," ó ní. "Ọ̀la lo máa bẹ̀rẹ̀."