Kámẹ́rà Tíṣà àti Ohùn Ìyá Rẹ̀

Ní Ìsẹ́yìn, bí ènìyàn bá dárúkọ "Tíṣà oníkámẹ́rà", kò sí ẹni tí yóò tún béèrè pé ta ni. Kì í ṣe pé òun nìkan ni olùkọ́ tí ó ní kámẹ́rà láàrin ìlú. Ṣùgbọ́n òun ni àwọn ará àdúgbò rẹ̀ kọ́kọ́ rí tí ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé kámẹ́rà fídíò dání bí ẹni mú ife omi. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn tí ń ya fídíò níbi ìnáwó a máa gbé tiwọn lé èjìká bí ẹni ru igi ìdáná, ọmọ iṣẹ́ kan a sì máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn láti bá wọn di wáyà àti iná mú. Nígbà tí Tíṣà dé òde ìgbéyàwó pẹ̀lú tirẹ̀, àwọn kan kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti ń ya àwọn. Ọ̀pọ̀ ẹnu tí ń jẹran ni ó bọ́ sínú fídíò lọ́jọ́ náà láìmọ̀.

Ọdún 2004 ni ó ra kámẹ́rà yìí. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́, ó fi èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kún un, ó sì mú ọ̀nà Èkó pọ̀n, ó di ọjà Alaba. ₦58,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni, láti Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ẹni tí ó tà á fún un tan iná rẹ̀, ó ṣí dígí pẹlẹbẹ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni ṣí fèrèsé, Tíṣà sì rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sanwó. Èrò ọkàn rẹ̀ ni pé òun yóò máa fi òpin ọ̀sẹ̀ ya ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, pé láàrin ọdún kan gbèsè alájẹṣẹ́kù yóò ti tán. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà kò ní bú u, nítorí ó mọ bí owó oṣù ti rí.

Ìgbà tí ó délé ni ó tó mọ̀ pé àwòrán náà ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀. Nígbà náà, àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi ìlà 525 ya àwòrán tẹlifíṣọ̀n wọn, nǹkan bí ọgbọ̀n àwòrán ni ó sì ń kọjá lójú ènìyàn láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. NTSC ni wọ́n ń pe ìlànà yìí. Ní Nàìjíríà, ìlà 625 ni a ń lò, àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn PAL. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí ó wà ní yàrá Tíṣà kò gbọ́ èdè kámẹ́rà náà. Àwòrán ń fò sókè sódò, kò sì ní àwọ̀ kankan bí kò ṣe dúdú àti funfun. Ní ìlú mìíràn, bóyá ìyẹn kò bá jẹ́ nǹkan bàbàrà. Ṣùgbọ́n Ìsẹ́yìn ni èyí, ìlú aṣọ òkè. Ìyá ìyàwó àkọ́kọ́ tí Tíṣà ya fídíò fún ti fi ọ̀pọ̀ owó ra àlàárì, ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti wo ara rẹ̀, eérú ni ó rí. "Tíṣà, aṣọ ta ni ẹ wọ̀ fún mi yìí?" ni ó bi í. Ọjọ́ mẹ́ta ni Tíṣà fi ń wá ẹni tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ gbọ́ èdè méjèèjì kí àlàárì tó padà pupa.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ òtútù. Ní ọjọ́ kan, wọ́n fi mọ́tò tí ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú rẹ̀ gbé e láti Ìbàdàn dé ibi ìgbéyàwó. Bí ó ti sọ̀ kalẹ̀ sínú ooru, tí ó tan kámẹ́rà, àmì ìkán omi kan yọ lójú dígí rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì kọ̀ jálẹ̀. Ìrì ti sẹ̀ sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń sẹ̀ sára ìgò ohun mímu tútù. Bí ìrì bá wà níbẹ̀, téèpù yóò lẹ̀ mọ́ irin tí ń yí nínú rẹ̀ ni, nítorí náà ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ó ń dáàbò bo ara rẹ̀, ó di nǹkan bí wákàtí kan kí ó tó dá a lóhùn. Láàrin wákàtí náà ni wọ́n so yìgì. Bàbá ìyàwó kò gbọ́ àlàyé, ó ní ìdajì owó ni òun yóò san, ìdajì náà ni ó sì san. Ti bátìrì tí ń kú lójijì, ti iná mànàmáná tí kì í sí nígbà tí a bá fẹ́ gba agbára sí i, àwọn wọ̀nyí kò yẹ ní sísọ. Kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ nílẹ̀ yìí tí kò mọ̀ wọ́n.

Síbẹ̀, Tíṣà fẹ́ràn kámẹ́rà yìí, ó sì ní ìdí. Irú rẹ̀, tí ó ń lo kásẹ́ẹ̀tì kékeré tí a ń pè ní MiniDV, kò tíì pẹ́ láyé. Ọdún 1995 ni àwọn ilé-iṣẹ́ Japan kọ́kọ́ gbé e jáde fún àwọn ènìyàn lásán láti rà. Téèpù inú rẹ̀ tín-ín-rín ju téèpù fídíò àtijọ́ lọ dáadáa, irin roboto tí ń ka ohun tí ó wà lára rẹ̀ sì ń yí ní ìgbà 9,000 láàrin ìṣẹ́jú kan. Kì í ṣe àwòrán gan-an ni ó ń tẹ̀ sára téèpù, òǹkà ni, òǹkà oní méjì péré, òdo àti oókan. Ohun tí ó dára nínú èyí ni pé àwòrán kì í ṣá. Fídíò ayé àtijọ́ ń ṣá díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ tí a ń fọ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n a ó ṣì mọ ojú ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Ti oní-díjítà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gbọ́, ó gbọ́ kedere. Bí kò bá gbọ́, kò gbọ́ náà nìyẹn.

Ìyá Tíṣà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tí ọmọ rẹ̀ ra kámẹ́rà. Òwú ni ó ran jẹun ní ìgbà ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ọmọge rẹ̀, òun ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sá tọ̀ bí ìgbéyàwó bá ku oṣù díẹ̀, pé kí ó kọ́ àwọn ní ẹkún ìyàwó, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní rárà ìyàwó. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀ ọ́n: ìyàwó a máa fi dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, a máa fi tọrọ ìwúre, a máa fi kọminú nípa ilé tí ó ń lọ, a sì máa fi ki ìran tí ó ti jáde wá. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ ọ ní kíláàsì ni kò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó rí. Inú ìwé ni a ti bá a pàdé. Ìyá yìí ní í lórí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí í ṣe olùkọ́, gbé kámẹ́rà kiri òde onílé àti àlejò fún ọdún méjì gbáko kí ó tó rántí ìyá tí ó wà nínú ilé.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún 2006 ni ó tó bẹ̀ ẹ́. Ìyá kọ̀.

"Àjàní, ẹkún ìyàwó kì í ṣe ẹkún arúgbó. Ta ni ó tún fẹ́ fẹ́ mi?"

"Ìyá mi, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ ọmọ yín ni kò gbọ́ ọ rí. Ẹ bá mi sun ún fún wọn."

"Bí mo bá sun ún tán, níbo ni yóò máa gbé?"

Tíṣà na kásẹ́ẹ̀tì sí i. Ìyá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Inú nǹkan tí kò ju páálí ìṣáná lọ yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n bá òun mú gèlè wá.

Kásẹ́ẹ̀tì méjì péré ni ó wà nílé lọ́jọ́ náà, ọ̀kan sì ni Tíṣà ti yà sọ́tọ̀ fún ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé. Wákàtí kan ni kásẹ́ẹ̀tì kan máa ń gbà bí a bá lò ó bí ó ti yẹ. Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà jẹ́ kí ó máa rìn jẹ́jẹ́, tí yóò fi gba wákàtí kan àbọ̀. LP ni wọ́n kọ sí i lára. Bí téèpù bá ń rìn jẹ́jẹ́, ojú ìlà tí ẹ̀rọ ń kọ òǹkà sí yóò há, kò sì dájú pé ẹ̀rọ mìíràn yóò lè kà á àfi èyí tí ó kọ ọ́. Ìwé ìlò kámẹ́rà náà sọ èyí, Tíṣà sì ti kà á. Olùkọ́ tí ń lu ọmọ nítorí pé kò ka ìtọ́ni ìdánwò dé òpin ka ti ara rẹ̀ dé òpin, ó sì fojú fò ó. LP ni ó lò. Owó kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ó fẹ́ tọ́jú.

Àgbàlá ni Ìyá jókòó sí. Àbúrò Tíṣà obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó ń bó ẹ̀gúsí. Àwọn tí ń hun aṣọ òkè ní ilé kejì kò dákẹ́, ìró òfì wọn wọ inú rẹ̀. Atẹ́gùn ọyẹ́ náà fẹ́ sí gbohùngbohùn kámẹ́rà, òun náà wọ̀ ọ́. Ìyá bẹ̀rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tí ń tijú. Kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ fi là. Àwọn ahunṣọ fúnra wọn ni ó dá òfì dúró nígbà tí ó yá, nítorí wọ́n fẹ́ gbọ́. Ohun tí ó lé ní wákàtí kan ni ó fi sun ún. Nígbà tí ó parí, tí wọ́n fi ara rẹ̀ hàn án nínú dígí kékeré náà, ohun àkọ́kọ́ tí ó sọ ni pé, "Mo mà ti di arúgbó tó báyìí?" Tíṣà yọ kásẹ́ẹ̀tì, ó kọ orúkọ Ìyá sí i lára, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ó lọ sí ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé.

Ní 2009, eruku ọdún márùn-ún pa kámẹ́rà náà. Kò sunkún rẹ̀ púpọ̀. Gbèsè ti tán, àwọn oníbàárà sì ti ń béèrè irú èyí tí kì í lo téèpù rárá. Ní 2011, Ìyá kú. Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ béèrè pé, "Bàbá, ẹkún tí Ìyá Àgbà sun ńkọ́?"

Tíṣà yá kámẹ́rà olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, MiniDV bíi tirẹ̀. Gbogbo ilé pé jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ojú Ìyá yọ, ó sì fọ́ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin kéékèèké, bí aṣọ tí eku jẹ. Ohùn rẹ̀ ń wá, ó ń já. Síléébù kan yóò jáde, mẹ́ta yóò bọ́ sílẹ̀. Àwọn ará ilé ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ṣé ọkọ ni àbí ọkọ́? Nínú èdè tí ó jẹ́ pé ohùn ni ó ya ẹni tí a fẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára irin tí a fi ń roko, kí ni ènìyàn lè fi àjákù ohùn ṣe? Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó dìde, tí ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ó tó.

Oṣù mẹ́rin ni Tíṣà fi wá ẹni tí yóò jí kámẹ́rà tirẹ̀ dìde. Ní Ìbàdàn ni ó ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó tú u, tí ó gbọn eruku inú rẹ̀, tí ó sì yọ rọ́bà kan lára òkú kámẹ́rà mìíràn fi sí i. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o, Bàbá, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá ti ń rìn, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀." Wọ́n fi wáyà so wọ́n pọ̀. Irú téèpù yìí kò ṣe é kánjú dà kọ. Bí Ìyá ti lo àkókò tó láti sun ún ni ẹ̀rọ yóò lo àkókò tó láti fi gbé e wọlé. Ohùn rẹ̀ jáde, kedere, pẹ̀lú òfì, pẹ̀lú atẹ́gùn, pẹ̀lú ìró ẹ̀gúsí tí ń bọ́ sínú àwo. Tíṣà kò wo àwòrán náà. Òǹkà ìṣẹ́jú ni ó tẹjú mọ́. Ní ìṣẹ́jú kejìdínláàádọ́ta, kámẹ́rà náà han bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, ó sì dúró. Téèpù ti ká mọ́ irin. Nígbà tí wọ́n fi suuru yọ ọ́, ó ti rún bí ewé gbígbẹ.

Ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta náà ni wọ́n gbé délé. Bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ, àbúrò rẹ̀ dédé mi orí. "Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá kò kọ́ mi báyìí. Ibi tí ó ti ki àwọn ìyá bàbá rẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn ìwúre ni ó máa ń wà." Tíṣà ní ẹ̀rọ kò lè purọ́. Obìnrin náà dáhùn pé òun kò sọ pé ó purọ́, pé bí ó ti wu Ìyá lọ́jọ́ náà ni ó ṣe sun ún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò yóò fẹ́ mọ èwo ni ó tọ̀nà nínú méjèèjì. Kò sí ẹni tí ó béèrè ìyẹn nínú ilé náà.

Ó wá hàn pé àbúrò yìí mọ èyí tí ó kù, gbogbo rẹ̀. Ó ti jókòó ti Ìyá ju kámẹ́rà lọ. Tíṣà fi fóònù gba ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, méjèèjì kò sì bára mu délẹ̀. Ó kọ wọ́n sínú ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó fi ti Ìyá ṣáájú, ó sì fa ìlà sí ibi tí ohùn Ìyá ti dá.

Inú àpótí aṣọ Ìyá ni kásẹ́ẹ̀tì náà wà. Lẹ́yìn irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ohun kékeré kan wà tí a máa ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ya nǹkan mìíràn lé èyí tí ó wà nínú rẹ̀. Fún ọdún márùn-ún tí ó fi wà nínú dúrọ́ọ̀, láàrin àwọn kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó, Tíṣà kò rántí tì í. Ó ti tì í báyìí.