Itọ́ Ẹnu Wa Kì í Ṣe Omi Lásán

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ itọ́ ló mú wa rántí òwe yìí.

Àwa tí a tọ́ dàgbà ní Sábọ̀n-Gàrí ní Kánò, Haúsá la fi ń ṣeré níta, Yorùbá ni wọ́n fi ń bá wa wí nílé. Bí kòkòrò bá jẹ wá lóru, àwọn ìyá wa kì í jẹ́ kí a fọ ẹnu kí a tó fi itọ́ àárọ̀ ra ojú ibẹ̀. Nígbà tí a dé ilé ìwé gíga tí a sọ ọ́, àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìwà ọ̀bùn ni. Ó dùn wá, nítorí àwọn ìyá wa ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀. A bá lọ wádìí.

Ní 1922, Alexander Fleming kéde láísósáìmù, èròjà kan tí ń pa kòkòrò àrùn, tí ó wà nínú itọ́ àti omijé. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Lund ní Sweden tún fi iṣẹ́ mìíràn hàn. Wọ́n ní itọ́ a máa ta àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní nútírófíìlì jí. Bí wọ́n bá ti jí, wọn a tú DNA inú ara wọn jáde bí àwọ̀n apẹja. Kòkòrò àrùn a há sínú àwọ̀n náà, èròjà tí ó lẹ̀ mọ́ ọn a sì pa á. Láti etí erìgì ni nútírófíìlì ti ń wọ ẹnu lójoojúmọ́. Ẹ wo bí kòkòrò ti kún ẹnu tó, síbẹ̀ ahọ́n tí a gé jẹ kì í pẹ́ san. Iṣẹ́ itọ́ wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí tu itọ́ sójú ọgbẹ́ o! Itọ́ kan náà ló ń gbé kòkòrò kiri; èyí tí kò ṣe ẹnu ní nǹkan lè sọ egbò ọwọ́ di ńlá. Omi mímọ́ àti ọṣẹ ló yẹ ọgbẹ́.

Nígbà tí a ròyìn fún ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ìwé yín náà ti wá mọ̀ pé itọ́ ń ṣiṣẹ́?" Yorùbá la fi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì yé e yékéyéké, títí kan ti omi àti ọṣẹ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kí a tó pe ìyá ẹni ní ọ̀bùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó rí.