Ẹ̀wà Àgànyìn: Iṣẹ́ Tí Àwọn Obìnrin Lómé Fi Lé Wa Lọ́wọ́

Bí òjò bá ń rọ̀ láàárọ̀, tí ebi sì ń pa ọmọ Èkó, ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì Agége ni ọkàn ọ̀pọ̀ wọn máa ń fà sí. Òun ni mò ń tà ní Ìkòtún, lójú ọ̀nà Ìjẹ̀gun. Nídìí rẹ̀ ni mo ti tọ́ ọmọ, nídìí rẹ̀ ni mo ti san owó ilé-ìwé wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa Yorùbá la ni iṣẹ́ yìí níbẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ lè sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti gbà á.

Àwọn obìnrin tó wá láti Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà, àwọn tí Èkó ń pè ní Àgànyìn, ló gbé e dé. A ti ń jẹ ẹ̀wà nílẹ̀ wa tipẹ́: a fi ń ṣe àkàrà, a fi ń ṣe mọ́ínmọ́ín, a fi ń se gbẹ̀gìrì. Ohun tí wọ́n mú wá ni ẹ̀wà tí wọ́n sè láìfi ata tàbí epo sí, tó rọ̀ débi pé ṣíbí lásán ló ń tẹ̀ ẹ́ fọ́, àti ata díndín tó dúdú, tí epo ń dán lójú rẹ̀. Wọ́n á gbé igbá ẹ̀wà rù, wọ́n á sì máa kiri láti òpópónà kan dé èkejì kí oòrùn tó mú.

Ọmọ Lómé ní Tógò ni ọ̀gá tó kọ́ mi. Ìyá Àgànyìn ni àdúgbò ń pè wọ́n, Màmá ni èmi ń pè wọ́n. Nígbà tí ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari pàṣẹ ní oṣù kìíní ọdún 1983 pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kúrò nílùú, àwọn tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ọmọ Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Màmá náà di ẹrù, wọ́n gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀, wọ́n padà wá, àwọn oníbàárà wọn sì ń dúró dè wọ́n. Mi ò gbọ́ kí wọ́n fi ìbínú sọ ọ́ rí. Wọ́n á ní kò sí ìlú tí kò ṣe irú ẹ̀ rí, pé ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà lé àwọn àjèjì tiwọn náà, tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ọ̀ffà àti Ìnísà sì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ wá sílé lọ́wọ́ òfo.

Búrẹ́dì tó ń bá ẹ̀wà yìí rìn náà, àlejò ló tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà, dé Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ní 1921 ó dá iṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó. Ẹ̀rọ tó ń tẹ ìyẹ̀fun pípò léraléra ló ń jẹ́ kí búrẹ́dì Agége ki, kó sì máa fà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè fi kó ẹ̀wà láìjẹ́ pé ó já sínú abọ́.

Ní ti sísè rẹ̀, ẹ̀wà olóyin ni mò ń rà lọ́jà Ìkòtún. Ẹ ṣà á dáadáa, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ sì da omi àkọ́sè nù. Ìdí ni pé àwọn kan ń fi oògùn apakòkòrò pa ẹ̀wà mọ́. Ní 2015, torí oògùn dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ wa dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi tuntun sè é lórí iná tó rọ̀, ẹ máa fi omi gbígbóná kún un, ẹ má sì fi iyọ̀ sí i títí yóò fi rọ̀. Kàn-ún máa ń mú kó yá, ṣùgbọ́n Màmá kì í fi sí i, wọ́n ní ó ń ba adùn ẹ̀wà jẹ́.

Ata ni iṣẹ́ gidi wà. Fún dẹ́ríkà ẹ̀wà méjì, ẹ wá ẹ̀kúnwọ́ ata ṣọ̀m̀bọ̀ gbígbẹ méjì, àlùbọ́sà ńlá mẹ́ta àti epo pupa bí ife méjì. Ẹ fi omi gbígbóná rẹ ata, ẹ lọ̀ ọ́ kó má kúnná jù, kí ẹ sì fún omi ara rẹ̀ dànù. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ da epo sí ìkòkò gbígbẹ, ẹ dé e, kí iná má le. Bí àwọ̀ pupa rẹ̀ bá ti ṣí, ẹ paná, ẹ má sì ṣí ìdérí títí yóò fi tutù díẹ̀. Ẹ tún dáná, àlùbọ́sà ló kàn. Màmá kì í wo ìkòkò nígbà yìí, etí ni wọ́n ń fi sí i. Níbẹ̀rẹ̀, epo á máa pariwo torí omi inú àlùbọ́sà; bí ariwo náà bá lọ sílẹ̀, omi ti tán, àlùbọ́sà ti fẹ́ máa pọ́n. Wọ́n á dúró kó dúdú díẹ̀ kí wọ́n tó da ata sí i, wọ́n á sì máa rò ó láìsinmi títí epo yóò fi yọ sókè. Edé lílọ̀ àti iyọ̀ ló gbẹ̀yìn.

Igi la fi ń dáná láyé Màmá. Gáàsì ni mò ń lò báyìí, ó sì wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀wà bọ̀ láti Òkè Ọya ti gorí ẹ̀wà fúnra rẹ̀. Ìkòtún náà ti yí padà. Nígbà kan, àwọn àlejò òkè òkun tó wá sí ìjọ Wòlíì T.B. Joshua máa ń jẹ lọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn ikú wòlíì náà ní oṣù kẹfà ọdún 2021, awakọ̀ dáńfó, oníkẹ̀kẹ́ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò ló kù tí mò ń gbọ́kàn lé. Torí ọ̀wọ́n gáàsì àti ẹ̀wà, àwọn kan ń fi tòmátì lé ata kó lè pọ̀, wọn kì í sì í dúró kí àlùbọ́sà jinná. Mo mọ ohun tó ń fà á, ṣùgbọ́n mi ò ní bá wọn ṣe é. Àwọn obìnrin tó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kò ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò ní owó ìdókòwò tó jọjú. Sùúrù ìdí iná ni olú òwò wọn, òun náà ló sì ń mú oúnjẹ yìí dùn títí dòní.

Ohun tí mò ń sọ fún àwọn ìyàwó ilé tó ń bi mí nìyí. Ẹ má sè é ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ yan ọjọ́ Sátidé, kí ẹ dín ata púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí omi rẹ̀ bá gbẹ dáadáa, tí epo sì bò ó, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tó gbẹ, ẹ máa fi ṣíbí gbígbẹ bù ú. Yóò pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré lẹ ó fi jókòó ti iná, àwọn ará ilé á sì fi ọ̀pọ̀ àárọ̀ jẹun yó.